Ta Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Ń Bi? Bí WordPress Ṣe Ń Wá Theme Rí, Tó sì Ń Lò Ó

Ẹni tó bá ti ṣàkóso ìkànnì tí wọ́n fi WordPress ṣe rí á mọ ojú ewé kan tí àwòrán kéékèèké tò sí, àwòrán kọ̀ọ̀kan fún theme kan. Theme ni àkójọ fáìlì tó ń pinnu bí ìkànnì yóò ṣe rí lójú òǹkàwé: àwọ̀ rẹ̀, irú lẹ́tà rẹ̀, ibi tí àkọlé máa dúró sí, bí àwòrán ṣe máa tóbi tó. Tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo ìkànnì á pa àwọ̀ dà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè ni bí ètò náà ṣe mọ̀ pé àwọn theme wọ̀nyẹn wà níbẹ̀. Kò sí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kankan. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sínú dátábéèsì. Ẹnì kan kàn gbé fódà kan síbi kan lórí sáfà ni, WordPress sì lọ bá a níbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nínú gbogbo ìkànnì tó wà lórí ayélujára, ó ju ìdá 40 nínú 100 lọ tó ń lo WordPress: ìwé ìròyìn, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Ẹjọ́ tí àwọn tó ń bójú tó wọn sì máa ń rò jù ni pé, “Mo ti tún un ṣe, kò hàn.” Nígbà púpọ̀, kóòdù wọn kò ní àléébù kankan. Wọ́n kọ ọ́ síbi tí ètò náà kì í wò ni, tàbí síbi tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ti dáhùn kí ó tó kàn án. Ìbéèrè méjì ló ń tú gbogbo rẹ̀: níbo ni WordPress ti ń wá nǹkan, ta ni ó sì kọ́kọ́ ń bi?

Lọ́dún 2003 ni Matt Mullenweg àti Mike Little mú kóòdù b2/cafelog, tí Michel Valdrighi kọ, tí wọ́n sì sọ ọ́ di WordPress. Kò sí theme nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìkànnì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn á ṣí fáìlì index.php tó bá ètò náà wá, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un kọ. Ìyẹn dára títí di ọjọ́ tí ẹ̀dà tuntun bá jáde tí fáìlì tuntun sì bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2005, ẹ̀dà 1.5 yọ ìrísí kúrò lára ètò, ó fún un ní fódà tirẹ̀. Kubrick ni theme tó bá ẹ̀dà náà wá, iṣẹ́ Michael Heilemann ni, orí rẹ̀ aláwọ̀ búlúù sì wà káàkiri ayélujára fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Láti 2010 ni wọ́n ti ń fi ọdún sọ theme tó ń bá ètò náà wá lórúkọ: Twenty Ten, Twenty Eleven, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Fódà tí mò ń wí ni wp-content/themes. Nígbà tí alábòójútó bá ṣí ojú ewé theme, WordPress á wọ inú fódà yìí, á sì máa yẹ fódà tó wà nínú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí orúkọ rẹ̀ bá fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀, kò ní yà síbẹ̀. Ní ti àwọn yòókù, ohun kan ṣoṣo ló ń wá: ǹjẹ́ fáìlì tó ń jẹ́ style.css wà níhìn-ín? Bó bá wà, theme nìyẹn. Bí kò bá sí, á tún wo àwọn fódà tó wà nínú fódà náà, ìpele kan péré. Bó bá rí style.css níbẹ̀, á gbà á, á sì pe theme náà ní orúkọ fódà méjèèjì papọ̀. Lẹ́yìn ìpele yẹn, kò ní walẹ̀ sí i mọ́.

Lẹ́yìn tó bá ti rí style.css, á ṣí i, á sì ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò ju kìlóbáìtì 8 lọ. Àwọn ìlà bí “Theme Name:”, “Version:”, “Author:” àti “Template:” ló ń wá níbẹ̀, nínú àkíyèsí tí wọ́n kọ sórí fáìlì náà. Bí ẹnì kan bá kó ìwé àṣẹ gígùn àti ìtàn ìdílé rẹ̀ síwájú àwọn ìlà wọ̀nyí títí wọ́n fi kọjá kìlóbáìtì 8, WordPress kò ní rí wọn. Kì í ṣe pé ó kọ̀ wọ́n, kò dé ọ̀dọ̀ wọn ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kíkà yìí, torí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn tó ṣe é wà. WordPress ń ka style.css bí ẹni ka lẹ́tà ni. Kò ṣiṣẹ́ kankan tí wọ́n kọ sínú theme náà. Kò ṣí functions.php rẹ̀, kò sì pe kóòdù PHP kankan. Nítorí náà, theme ogún lè wà nínú fódà, kí mẹ́ta nínú wọn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, síbẹ̀ ojú ewé theme á ṣí wọ̀ọ́, ìkànnì kò sì ní mọ nǹkan kan lára. Ká ní ó ń ké sí theme kọ̀ọ̀kan pé kó wá fi ara rẹ̀ hàn ni, ọ̀kan ṣoṣo tó bá yarọ ì bá dá gbogbo ìkànnì dúró. Ìyẹn kò wá ní ká máa kó theme tí a kò lò jọ o. Fáìlì wọn ṣì wà lórí sáfà, ẹni tó bá mọ àléébù inú wọn lè bá ibẹ̀ wọlé. Ṣe ni ká pa wọ́n rẹ́, ká fi èyí tí à ń lò sílẹ̀, ká sì fi ọ̀kan nínú àwọn tó bá WordPress wá kún un, kó lè jẹ́ àbọ̀sinmi lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí.

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù ní ìpele ìwákiri yìí kéré lójú. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, Style.css àti style.css kò yàtọ̀. Lórí Linux, tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò, fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Theme tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà ẹni á dé orí sáfà, á sì dàwátì. Òmíràn ni ti theme tí a fi owó rà. Inú zip tí wọ́n fi ránṣẹ́ sáábà máa ń ní ìwé ìlànà, ìwé àṣẹ, àti zip mìíràn tó jẹ́ theme gan-an. Bí a bá gbé zip ńlá náà fún WordPress pé kó fi sórí ìkànnì, á dáhùn pé òun kò rí style.css. Òótọ́ ló sọ. Zip kékeré inú rẹ̀ ló yẹ ká fún un.

A lè sọ fún WordPress pé kó wá theme níbòmíràn pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní register_theme_directory() ni a fi ń ṣe é: a ó fún un ní ọ̀nà fódà kejì, inú plugin kékeré kan, ìyẹn ètò àfikún, la sì máa ń kọ ọ́ sí. Ilé iṣẹ́ tó ní ìkànnì púpọ̀ lórí sáfà kan lè tipa bẹ́ẹ̀ kó theme rẹ̀ síbì kan ṣoṣo, kí gbogbo ìkànnì rẹ̀ máa mú un níbẹ̀. Tí fódà ìwákiri bá ti ju ẹyọ kan lọ, WordPress máa ń kọ ibi tó ti rí theme kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, á sì máa gbọ́kàn lé àkọsílẹ̀ náà fún ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó bá gbé theme láti fódà kan sí òmíràn láàárín àkókò yẹn lè rí i pé ètò náà ṣì ń wá a síbi àtijọ́. Lórí WordPress tó ń gbé ìkànnì púpọ̀ pọ̀, ìgbésẹ̀ kan tún wà: alábòójútó àgbà gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda theme kí àwọn ìkànnì kéékèèké tó lè rí i. Bí theme bá wà nínú fódà tí ìkànnì kan kò sì rí i, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Rírí yàtọ̀ sí yíyàn. Ohun tí a yàn wà nínú dátábéèsì, nínú àtẹ wp_options, ìlà méjì péré: template àti stylesheet. Orúkọ fódà ni wọ́n ń kọ sínú ìlà méjèèjì, wọn kì í kọ orúkọ tí theme ń jẹ́ lójú ènìyàn. Bí theme kan bá dá dúró, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa wà nínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ theme ọmọ, stylesheet á gbé orúkọ fódà ọmọ, template á gbé ti òbí.

Torí pé orúkọ fódà ni wọ́n kọ sílẹ̀, ẹni tó bá yí orúkọ fódà theme tí ìkànnì ń lò padà ti gé okùn nìyẹn. Òǹkàwé á rí ojú ewé funfun báláú. Alábòójútó tó ti wọlé á rí ìkìlọ̀ pé fódà náà kò sí. Bó bá wá ṣí ojú ewé theme, WordPress á rí i pé theme tí wọ́n yàn ti bàjẹ́, á sì padà sí èyí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí WP_DEFAULT_THEME, ìyẹn theme tó bá ẹ̀dà náà wá, àfi bí a bá ti kọ òmíràn síbẹ̀ nínú wp-config.php. Àwọn tó ń tún ìkànnì ṣe mọ èyí dáadáa, wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ lò ó. Bí theme kan bá dá ìkànnì dúró tí wọn kò rí ọ̀nà wọlé, wọ́n á lọ yí orúkọ fódà rẹ̀ padà lórí sáfà, ìlẹ̀kùn á ṣí.

Ó wá ku ìlò, ibi tí ìbéèrè kejì ti wọlé.

Theme òbí ni èyí tí ẹlòmíràn ṣe, tí ń gba àtúnṣe látìgbàdégbà. Theme ọmọ ni fódà kékeré tí a dá sílẹ̀ fún ohun tiwa. Ó lè jẹ́ style.css nìkan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlà méjì: “Theme Name: Ìròyìn Wa” àti “Template: twentytwentyfour”. Ìlà kejì ló ń sọ òbí rẹ̀, orúkọ fódà òbí sì ni, lẹ́tà kékeré níbi tí lẹ́tà kékeré wà. Ẹni tó bá kọ “Twenty Twenty-Four” síbẹ̀ ti bí ọmọ tí kò ní òbí. Ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé nígbà tí àtúnṣe òbí bá dé, WordPress á pa fódà àtijọ́ rẹ́ pátápátá, á sì gbé tuntun síbẹ̀. Ohun tí a bá ti kọ sínú fódà òbí bá a lọ nìyẹn. Fódà ọmọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kí a ṣáà má ṣe fún un ní orúkọ tí theme mìíràn ń jẹ́ ní ibi ìkó-theme-sí ti WordPress.org, nítorí ètò náà lè rò pé theme yẹn ni, kó sì fi àtúnṣe ẹlẹ́ni ẹlẹ́ni lọ̀ wá.

Nínú ilé Yorùbá, àgbà ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nínú WordPress, ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi, òbí á sì dáhùn kìkì ohun tí ọmọ kò ní ìdáhùn sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bi í, ìdàrúdàpọ̀ sì máa ń wá láti inú mímú ọ̀kan fún èkejì.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti functions.php, fáìlì tí theme ń kó ìṣe rẹ̀ sí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ọmọ dáhùn kí òbí dákẹ́. Àwọn méjèèjì ni yóò ṣiṣẹ́, ti ọmọ á kọ́kọ́ lọ, ti òbí á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá da gbogbo functions.php òbí kọ sínú ti ọmọ kó lè tún ìlà kan ṣe á rí i pé iṣẹ́ kan náà ń jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, PHP kò sì gba irú rẹ̀: ìkànnì á dá dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ń fi function_exists() yẹ̀ ẹ́ wò nínú theme òbí bóyá ẹnì kan ti ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, kí ọmọ lè gbà á ṣe bó bá fẹ́. Láti ẹ̀dà 5.2, tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, bí functions.php bá fọ́, WordPress á fi ímeèlì ránṣẹ́ sí alábòójútó pẹ̀lú ìlànà ìwọlé àkànṣe kan, tí á fi lè wọ inú ìkànnì láìjẹ́ pé theme náà ń ṣiṣẹ́ fún un. Kí a rí i dájú pé ímeèlì tó wà nínú ètò náà ṣì jẹ́ ti ẹni tó wà láàyè, tó sì ń ka lẹ́tà rẹ̀. Ó yani lẹ́nu bí ó ṣe ń jẹ́ ti ẹni tó kọ́ ìkànnì náà lọ́jọ́ kìíní, tó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn fáìlì ojú ewé. Níbí, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ni ín. Ká ní ìkànnì ìwé ìròyìn kan ní irú àkóónú kan tí wọ́n pè ní iroyin, òǹkàwé sì tẹ ìròyìn kan tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ odun-osun. WordPress á wá fáìlì single-iroyin-odun-osun.php. Bí kò bá sí, á wá single-iroyin.php, lẹ́yìn náà single.php, lẹ́yìn náà singular.php. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, index.php ni. Ìdí nìyẹn tí theme òbí tàbí èyí tó dá dúró kò fi lè wà láìní index.php, tàbí templates/index.html bó bá jẹ́ irú tuntun tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Ojú ewé ẹ̀ka, ojú ewé òǹkọ̀wé, ojú ewé tí a kò rí, oníkálukú ní ọ̀wọ́ orúkọ tirẹ̀, gbogbo wọn sì ń parí sí index.

Lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, fódà ọmọ ni WordPress kọ́kọ́ ń wò, kó tó wo ti òbí. Kí a fetí sí i: orúkọ ló ṣáájú, ìbátan ló tẹ̀ lé e. Bí òbí bá ní single-iroyin.php, tí ọmọ sì ní single.php péré, ti òbí ni yóò ṣiṣẹ́, torí orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Mo rò pé èyí ló ń da àwọn ènìyàn láàmú ju ohunkóhun mìíràn lọ. Wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ ló ń borí, wọ́n á wá kọ single.php tó dára sínú fódà ọmọ, kò ní hàn rárá, wọ́n á sì máa fi ẹ̀sùn kan bùráúsà.

Bùráúsà náà kúkú ní ẹ̀sùn tirẹ̀. Fáìlì CSS tó bá ti gbà lẹ́ẹ̀kan, ó lè tọ́jú rẹ̀ kó má padà wá béèrè. Nítorí èyí ni wp_enqueue_style(), iṣẹ́ tí theme fi ń sọ pé òun fẹ́ fáìlì CSS kan, ṣe máa ń fi nọ́ńbà ẹ̀dà sí ìdí àdírẹ́sì fáìlì náà. Bí nọ́ńbà bá yí padà, bùráúsà á rò pé fáìlì mìíràn ni, á sì lọ mú un. Tún CSS ṣe, kí o gbàgbé láti yí nọ́ńbà padà, ìwọ tí o ti nu ìrántí bùráúsà rẹ nù á rí i, òǹkàwé kò ní rí i. Kò sì dájú pé style.css theme ọmọ á dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé rárá. WordPress kàn ń fi í dá theme mọ̀ ni. Kó tó di pé àwọ̀ inú rẹ̀ hàn, àfi kí kóòdù kan béèrè fún un. Àwọn òbí kan ń bá ọmọ béèrè, àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, functions.php ọmọ ni yóò béèrè fúnra rẹ̀. Láti ẹ̀dà 4.7, get_theme_file_uri() wà fún irú iṣẹ́ yìí: òun náà ń wo ọ̀dọ̀ ọmọ kó tó wo ọ̀dọ̀ òbí.

Lọ́dún 2021, ẹ̀dà 5.8 mú fáìlì kan wá tó ń jẹ́ theme.json. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ẹ̀dà 5.9 dé pẹ̀lú Twenty Twenty-Two, theme àkọ́kọ́ tó bá ètò náà wá tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ látòkèdélẹ̀. Fáìlì ojú ewé rẹ̀ kì í ṣe PHP mọ́, HTML ni, inú fódà templates ni wọ́n wà. Ọ̀wọ́ orúkọ ṣì dúró bó ṣe wà: single-iroyin.html ṣì ń ṣáájú single.html. Àwọ̀, ìwọ̀n lẹ́tà àti àlàfo wà nínú theme.json, ní tiwọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ọmọ dáhùn kí òbí dákẹ́ mọ́. WordPress á kó ti ara rẹ̀ sílẹ̀, á fi ti òbí lé e, á fi ti ọmọ lé ìyẹn, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ á wá fi ohun tí alábòójútó bá yàn lórí ojú ewé ìṣàtúnṣe lé e lórí. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró.

Ibi tí ohun tí alábòójútó yàn wà kì í ṣe fáìlì. Inú dátábéèsì ni. Bí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì bá ṣí ojú ewé ìṣàtúnṣe, tó sún àkọlé díẹ̀, tó sì tẹ bọ́tìnnì ìpamọ́, WordPress á fi ẹ̀dà ojú ewé yẹn pa mọ́ sínú dátábéèsì, láti ìṣẹ́jú yẹn lọ kò sì ní wo fáìlì rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń kọ kóòdù á máa tún single.html ṣe láàárọ̀ lálẹ́, kò ní sí ìyàtọ̀. Ojútùú rẹ̀ ni kí a lọ sí àkójọ ojú ewé níbi ìṣàtúnṣe, ká wá èyí tó ní àmì pé wọ́n ti yí i padà, ká sì dá a padà sí bó ṣe wà. Èrò tèmi ni pé kí ilé iṣẹ́ tó ní ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìkànnì kan fi ẹnu kò níbẹ̀rẹ̀: bóyá inú fáìlì ni ìrísí máa wà, tàbí inú dátábéèsì. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tọ́. Dídà wọ́n pọ̀ ni kò dára. Ẹni tó bá wà lórí iṣẹ́ theme lọ́wọ́ lè kọ WP_DEVELOPMENT_MODE sínú wp-config.php, kó fún un ní iye “theme”, kí WordPress má tọ́jú ohun tó kà nínú theme.json sí ìrántí mọ́ láàárín àkókò iṣẹ́ náà. Ẹ̀dà 6.3 ló mú un wá.

Ẹni tó ń fi èdè Yorùbá kọ ìkànnì ní ìdí pàtàkì kan láti mọ gbogbo èyí: lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ theme ló ń gbé fọ́ǹtì tó rẹwà wá, tí wọn kò sì ronú kan ẹ, ọ àti ṣ rárá. Ojú òǹkàwé á máa rí ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà kan nínú rẹ̀ tóbi ju ìyókù lọ, tàbí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù wọ́n lọ, torí bùráúsà lọ yá lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn.

Bí Google Fonts, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń gba fọ́ǹtì, ṣe ń pín in fún wa ló ṣàlàyé rẹ̀. Kì í fi gbogbo fọ́ǹtì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó sì fún ègé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Lẹ́tà a sí z wà nínú ègé tó ń jẹ́ latin. Ṣ wà nínú latin-ext. Ẹ àti ọ wà nínú ègé tó ń jẹ́ vietnamese, nítorí èdè Vietnam náà ń lo àmì ìsàlẹ̀ yẹn. Inú ègé yẹn kan náà ni àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó ń gorí lẹ́tà wà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kékeré kan bí “Ọ̀ṣun” ń lo fáìlì mẹ́ta láti inú fọ́ǹtì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gba latin nìkan wálẹ̀, tó sì kó o sínú theme rẹ̀, ti fi ìdajì èdè wa sílẹ̀ lẹ́yìn odi.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀dá lẹ́tà kan ṣoṣo fún ẹ́ tó ní àmì ìsàlẹ̀ kò sí nínú Unicode. Ẹ ni a ń kọ́kọ́ kọ, àmì ohùn á wá gorí rẹ̀. Lédè Vietnam, àmì ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì ohùn, àmì ohùn méjì kì í sì wà lórí fáwẹ́lì kan. Fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún wọn lè ní ẹ tó jíire, kó má mọ ibi tí yóò gbé àmì òkè lé. Àmì á wá rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Noto Sans, Noto Serif, àti àwọn fọ́ǹtì àjọ SIL bíi Gentium, Charis àti Andika mọ ibi tó yẹ kó lọ, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn.

A ó dá theme ọmọ sílẹ̀ nígbà náà. A ó kó fáìlì woff2 fọ́ǹtì tí a yàn, gbogbo ègé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sínú fódà assets/fonts. Nínú theme.json ọmọ, lábẹ́ settings, lẹ́yìn náà typography, lẹ́yìn náà fontFamilies, a ó kọ orúkọ fọ́ǹtì náà àti fontFace kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú src tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “file:./assets/fonts/”. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí WordPress mọ̀ pé inú fódà theme ni kí ó ti wá a. Ègé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní unicodeRange tirẹ̀, kí bùráúsà lè mọ èyí tó máa lò fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo fọ́ǹtì tí ìkànnì máa lò ni kí a kọ síbẹ̀, kì í ṣe tuntun nìkan. Lẹ́yìn náà, a ó lọ sí styles, ká sọ pé fọ́ǹtì yìí ni kí ara ìwé àti àkọlé lò. Ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan fáìlì lè gbà á sórí ìkànnì láti inú ibi ìkó-fọ́ǹtì-sí tó dé pẹ̀lú ẹ̀dà 6.5 lọ́dún 2024. Kó rántí pé inú dátábéèsì ni yíyàn náà máa wà, pé òun ló sì ń gbẹ̀yìn sọ̀rọ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó ti jẹ́, kọ “Ọ̀ṣun” sórí ojú ewé kan, kí o ṣí i pẹ̀lú Chrome, fi ọwọ́ ọ̀tún eku tẹ ọ̀rọ̀ náà, kí o yan Inspect. Ní ìsàlẹ̀ Computed, Chrome á sọ orúkọ fọ́ǹtì tó lò gan-an àti iye lẹ́tà tó mú láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ fọ́ǹtì tìrẹ nìkan bá wà níbẹ̀, ó ti parí. Bí òmíràn bá tún jáde, yọ lẹ́tà kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí orúkọ kejì fi máa lọ: bó bá jẹ́ ṣ ló bá a lọ, latin-ext ni kò dé, bó bá jẹ́ ọ̀, vietnamese ni.